Lẹ́nsì Méjì, Àtàǹpàkò Kan

Àtàǹpàkò ọkùnrin náà ń gun ara lẹ́nsì bí ìgbín tó ń gun ògiri. Díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá lórí rọ́bà onílà wẹ́wẹ́. Ó kọjá lórí àwọn nọ́mbà funfun. Ó dé ibi súìṣì kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọ jòjòló lọ, ó sì dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀. Kò dún. Ọ̀run ṣú níta, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n dúró sí, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rí i dáadáa: bí awọ àtàǹpàkò náà ṣe funfun níbi tó ti tẹ súìṣì, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà síbẹ̀ nígbà tó gbé e kúrò.

Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sójú. Ó nà án síta fèrèsé, ó ya pátákó oníṣègùn eyín tó wà ní òdìkejì títì. Ó yí kámẹ́rà padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ han obìnrin náà.

"Wò ó. Sọ ohun tí ojú ẹ rí."

Obìnrin náà wò ó. Àwọn lẹ́tà ara pátákó ní òjìji. Eyín ńlá tí wọ́n yà sábẹ́ wọn ti di méjì, bíi pé ó ń gbọ̀n lẹ́nu ẹni tí òtútù mú.

"Ó gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ojú ẹ ló sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n Fíláàṣì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ládùúgbò. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí bí oòrùn ṣe lè ràn tó tí kò ní tan iná kámẹ́rà sójú èèyàn. Àwọn oníbàárà ń pe obìnrin náà ní Màmá Fọ́tò. Fíláàṣì nìkan ló ń pè é ní Àbúrò.

Kì í ṣe ìyá kan ló bí wọn. Ọ̀gá kan ló kọ́ wọn. Fíláàṣì ti gba òmìnira iṣẹ́ kí obìnrin náà tó parí tirẹ̀, ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Láyé ìgbà yẹn, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń yọ fíìmù. Iná á kú pátápátá. Èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún, Àbúrò. Rọra. Àwo omi nìyẹn, má dà á." Nínú òkùnkùn yẹn, ohùn ẹ̀gbọ́n ni àbúrò fi ń ríran.

Ọ̀gá wọn ní òfin kan. Àgbà ló ń di ẹ̀rọ mú, àbúrò ló ń fojú wò. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kan ló jẹ́ kí ẹ̀rọ ọ̀gá bọ́ lulẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó débẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ dán ohun tuntun wò, ẹni tó jẹ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kéré á dúró tì í, á wo àwòrán, á sọ ohun tó rí láìbẹ̀rù. Ọ̀gá ní ọwọ́ àti ojú ò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ọwọ́ má baà tan ojú jẹ. Ọ̀gá kú. Wọ́n sin ín. Òfin rẹ̀ kò bá a lọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n jọ ń lò. Yàrá kan, fèrèsé kan. Aṣọ funfun lára ògiri, àpótí ìjókòó níwájú rẹ̀. Dígí, àti òòyà tí wọ́n fi okùn so mọ́ dígí náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sápò lọ. Fíláàṣì ló ń ya àwọn ìdílé àti àwọn tó ń gboyè. Obìnrin náà ló ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má ṣẹ́jú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, sà. Gbogbo ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́, ohun tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n má ṣe nǹkan kan.

Ó ti sú u. Ó fẹ́ ya ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Àyè rẹ̀ sì yọ. Pápá ìsáré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ń wá ayàwòrán kan. Ẹyọ kan péré. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún un ní káàdì ọrùn, á máa wọ inú pápá níbikíbi tó bá wù ú jálẹ̀ ọdún: ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà àwọn sárésáré, ẹsẹ̀ ọ̀pá tí wọ́n ń fò kọjá, gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi ìdánwò sí. Kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, kó ya àwọn tó ń fò jìnnà sínú iyanrìn, kó fi fọ́tò kan sílẹ̀. Èyí tó bá dára jù ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tó gbọ́ ló ti sọ fún Fíláàṣì. Ta ni ì bá tún sọ ọ́ fún?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ò ní dù ú?"

Fíláàṣì rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. "Orúnkún mi yìí? Kí n máa sá tẹ̀lé àwọn ọmọ tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n fò lọ? Fi mí sílẹ̀ jàre. Ìwọ lọ. Tí wọ́n bá mú ẹ, èmi á máa bá ẹ sọ fún wọn nínú ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò lè ṣe é. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Ìyẹn náà ni."

Lẹ́nsì ló kù. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rí ju ẹni tó jókòó sórí àpótí lọ. Òun àti Fíláàṣì lọ bá Ìyá Onílẹ́nsì, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ta kámẹ́rà àlòkù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aago, tó sì mọ àwọn méjèèjì láti ilé ọ̀gá wọn. Ìyá gbé méjì jáde. "Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo ní, ọmọ mi. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ yín, ẹ dán wọn wò. Ẹ mú èyí tó bá bá yín lára mu, kí ẹ dá èkejì padà."

Fíláàṣì ló sọ wọ́n lórúkọ kí wọ́n tó délé. Èkíní nípọn, ó wúwo, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife. Rọ̀bọ̀tọ̀. Igba ni nọ́mbà tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀, èyí tó ń sọ bí lẹ́nsì ṣe lè ríran jìnnà tó. Kò ríran jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ya àwòrán tó mú kedere bí ọjọ́ bá tilẹ̀ ṣú. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó ṣe é dì mú láti àárọ̀ dalẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀ọ́dúnrún ni nọ́mbà tirẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré sí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n jà, súìṣì kékeré kan ló sì ń tan nǹkan náà, òun náà ló ń pa á. Bí kámẹ́rà bá wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn a pa á. Bó bá wà lọ́wọ́ èèyàn, wọn a tàn án. Fíláàṣì ló kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Obìnrin náà kò tíì ní lẹ́nsì tó ní irú súìṣì bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, nígbà tó rí àtàǹpàkò tó tẹ súìṣì wá sísàlẹ̀ lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, ó rò pé Ẹ̀gbọ́n ń tàn án ni. Òkè ni títàn, àbí ìsàlẹ̀? Kò mọ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ló wà.

Fíláàṣì yọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi Rọ̀bọ̀tọ̀ sí i, ó ya pátákó kan náà. Lẹ́tà mú. Eyín di ẹyọ kan. Kódà, obìnrin náà rí ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára eyín náà.

"Eléyìí dúró," ó ní.

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, pápá yẹn gbòòrò o. Ṣé igba máa tó?"

Fíláàṣì fi ìka kan lu orí kámẹ́rà obìnrin náà. "Kí ni mo máa ń sọ fún ẹ nípa kámẹ́rà yìí? Ojú inú rẹ̀ kéré. Ó ń gé etí àwòrán dànù, èyí tó bá kù á sún mọ́ ẹ. Igba tí o rí yẹn, lórí kámẹ́rà ẹ, ọ̀ọ́dúnrún ni. Ìyẹn ò tó ọ?"

Òótọ́ ni. Ìdajì òótọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igba náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀ọ́dúnrún: lórí kámẹ́rà kan náà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á di irínwó ó lé àádọ́ta. Fíláàṣì kò sọ ìyẹn. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n, ó wà níbì kan lẹ́yìn orí rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó tó gbọ̀n ṣì wà lójú rẹ̀. Kí ni èèyàn fẹ́ fi irínwó ṣe tó bá ń gbọ̀n?

"Ibo ni wọ́n máa fi wá sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ iyanrìn gan-an. Iyanrìn á ta sí ẹ lẹ́nu, wàá tutọ́. Mo ti bá akọ̀wé pápá sọ̀rọ̀ nítorí tìẹ." Ó ń fi aṣọ nu ojú Rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń yí i roboto. "Tó bá sì wá ṣú lọ́jọ́ náà bíi tòní ńkọ́? Wò ó, mú èyí. Èmi á dá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí padà fún Ìyá bí mo bá ń lọ lọ́la. Má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni mo fẹ́ ṣe é fún?"

Púlọ́ńbà ni ọkọ rẹ̀. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lẹ́jìká, ó bá Rọ̀bọ̀tọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí ìrọ̀rí tirẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé.

"Ta lẹni yìí tó sùn sí àyè mi?"

"Ìyàwó yín tuntun."

"Ó sanra o." Ó gbé e wò, ó ṣe bíi pé ẹ̀yìn ń dùn ún. "Paipu ilé ńlá lèyí. Mo lè so ó mọ́ táǹkì, kí omi máa ṣàn."

"Ẹ gbé e kalẹ̀, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ yín ní gíríìsì."

Ó gbé e kalẹ̀. Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà. "Ìwọ́ ní méjì ni wọ́n gbé fún yín. Báwo ni èkejì ṣe rí lọ́wọ́?"

"Ó gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Fíláàṣì bá mi dán an wò."

"Mi ò bèèrè Fíláàṣì. Lọ́wọ́ tìẹ ni mo ní."

"Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa."

Ọkọ rẹ̀ ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ó dáa," ó ní. "Tiwa, tí ẹlòmíràn bá bá mi yí paipu kan, tó ní ó ti le, màá tún fọwọ́ mi yí i wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olómi la wà. Tiyín mọ́."

Obìnrin náà fi ìrọ̀rí jù ú lọ́rùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rọ̀bọ̀tọ̀ sùn sórí àga.

Gbogbo ọjọ́ tó kù ló fi ń bá lẹ́nsì náà mọra. Ó ń ya ẹyẹ lórí wáyà iná. Ó ń ya àwọn ọmọ tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ní ìṣẹ́jú akàn tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà láàárín bọ́ọ̀sì àti ilẹ̀. Bí ohun tó ń yà bá sún mọ́ ọn, Rọ̀bọ̀tọ̀ kò já a kulẹ̀. Apá rẹ̀ ń ro ó, ó ń fi omi gbígbóná nù ún. Ó ń ro iyanrìn tó máa ta sí i lẹ́nu.

Sátidé dé. Oòrùn ràn gan-gan. Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run, ojú pápá ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé ojú ńlá Rọ̀bọ̀tọ̀ kò níṣẹ́ lónìí. Ó dà bí ẹni tó gbé àtùpà wá sábẹ́ oòrùn. Kò burú. Ẹ̀gbẹ́ iyanrìn ló ń lọ.

Akọ̀wé pápá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi fèrè kọ́rùn. Ó lẹ nọ́mbà mọ́ àyà onífọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tọ́ka síbi wáyà gígùn kan, lókè lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran.

"Ẹ̀yìn wáyà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yìn wáyà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá, mo ti yọ ọ́."

Obìnrin náà wo wáyà. Ó wo iyanrìn. Iyanrìn wà ní òdìkejì pápá, ó ṣe tínńtín bí àkísà tí ẹnì kan gbàgbé sórí koríko.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ iyanrìn la máa dúró."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti ń sọ pé ẹ̀yìn wáyà ni. Ẹni tó bá yege la máa jẹ́ kó wọlé. Mo sì sọ ọ́ fún ọkùnrin yín tó wá bèèrè."

"Ọkùnrin wa wo?"

"Ẹni tó ní inú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ jọ wà. Ó bèèrè dáadáa. Ó tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti ibí dé iyanrìn."

Ó dúpẹ́, ó lọ sẹ́yìn wáyà. Ó ti gbàgbé ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá ìgò ojú rẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀bù, orí rẹ̀ ló wà. Ó ti gbàgbé ni.

Àwọn tó ń fò bẹ̀rẹ̀. Ó fa Rọ̀bọ̀tọ̀ dé òpin. Igba tó di ọ̀ọ́dúnrún. Ó yà. Ó wò ó. Koríko, koríko, ojú ọ̀run tó pọ̀ yanturu, àti nǹkan dúdú kan láàárín wọn bí èèrà tó ń fò kọjá lórí búrẹ́dì. Ojú kò hàn. Ọwọ́ kò hàn. Iyanrìn tó dìde lẹ́sẹ̀ ẹni náà kò hàn. Ó tún yà. Èèrà mìíràn.

Onífọ́tò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n, yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀. "Ìyá, pápá lẹ̀ ń yà ni àbí ẹ̀ ń wọn ilẹ̀ láti tà?"

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà gbójú sókè tó rí Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Lẹ́nsì ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó gbé e. Ó ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó ń mì lórí ikùn ọkùnrin kan. Lẹ́yìn náà ló rí ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ojú. Ẹ̀gbọ́n Fíláàṣì.

Ìdùnnú gba inú rẹ̀ débi pé omi dé ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rántí! Ó rántí ọ̀rọ̀ wáyà, ó sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onílẹ́nsì, ó gba lẹ́nsì náà padà, ó sì ń gbé e bọ̀ fún un pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kò dára. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnni, bí kò ṣe ẹni tó dà bí ọmọ ìyá ẹni?

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó ń pariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n! Ẹ ṣé é o! Ẹ kú wàhálà!"

Ó ti gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Fíláàṣì dúró. Kò gbé nǹkan kan lé ọwọ́ náà. Nígbà yẹn ni obìnrin náà rí bébà funfun tó wà láyà rẹ̀. Nọ́mbà ni.

Ọwọ́ méjèèjì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

"Ìyá," ọkùnrin onírùngbọ̀n bèèrè, "ṣé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Àbúrò," Fíláàṣì ní. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn inú òkùnkùn, jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má da omi nù. "Àbúrò, jẹ́ ká ṣiṣẹ́ ná. A máa sọ̀rọ̀."

Ó kọjá. Ó wá àyè kan lẹ́bàá wáyà. Ó gbé kámẹ́rà sókè, obìnrin náà sì wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, kí ó máa wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n. Àtàǹpàkò gun ara lẹ́nsì. Ó kọjá rọ́bà. Ó kọjá nọ́mbà. Ó dé ibi súìṣì. Kò dúró ronú lọ́tẹ̀ yìí.

Ó tì í sókè.

Òkè ni títàn.

Obìnrin náà kò ya fọ́tò kankan mọ́. Ó fi èèrà kan sílẹ̀ fún akọ̀wé pápá nítorí pé wọ́n ní kí gbogbo èèyàn fi nǹkan sílẹ̀. Ó gba ilé lọ. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìgbé ohùn sókè. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé ṣebí mo sọ. Ó gbé omi gbígbóná wá fún apá rẹ̀, ó ń nù ún fún un.

"Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ata ló fi sẹ́nu," ó dáhùn.

Nígbà tó tún dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, Fíláàṣì ti wà níbẹ̀. Ó ti gbálẹ̀. Kì í gbálẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú. Kámẹ́rà rẹ̀ wà lórí tábìlì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà kò kí i. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó gbé kámẹ́rà náà.

"Àbúrò. Gbé e kalẹ̀."

Kò gbé e kalẹ̀. Ó fúyẹ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà á lẹ́nu: bó ṣe fúyẹ́ tó, bí ìka rẹ̀ ṣe rí àyè ara rẹ̀ lórí rọ́bà náà láìbèèrè. Ó lọ sí fèrèsé. Ó fa lẹ́nsì dé ọ̀ọ́dúnrún. Ó ya pátákó oníṣègùn eyín pẹ̀lú súìṣì lókè. Ó tì í wá sísàlẹ̀, ó tún yà á. Ó wo àkọ́kọ́: lẹ́tà mú. Ó wo èkejì: eyín ń gbọ̀n. Kò pẹ́ lórí wọn.

Ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí Fíláàṣì.

"Ẹ wò ó. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí."

Fíláàṣì kò wò ó. Ó ń wo ìgbálẹ̀. "Mo ti rí i."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Àbúrò, gbọ́. Ọjọ́ tí o sọ fún mi, mi ò fẹ́ ẹ. Lóòótọ́ ni. Nítorí tìẹ ni mo ṣe lọ bèèrè ibi tí ẹ máa dúró. Mo débẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ń fò. Ọ̀kan fò, mo rò pé kò ní balẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti wù mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn."

"Ẹ̀yin náà ò bá ti wí. A ò bá jọ dù ú. Èwo ló burú níbẹ̀? Ẹ mú tẹ́ẹ́rẹ́, kí n mú sísanra, kí n mọ̀ pé ohun tí mo mú nìyẹn. Kí n mọ̀, Ẹ̀gbọ́n!"

"Tí a bá jọ dù ú, ìwọ ni wọ́n á mú."

Títì dákẹ́, tàbí obìnrin náà ni kò gbọ́ ọ mọ́.

"Pẹ̀lú lẹ́nsìkílẹ́nsì," Fíláàṣì ní. "Ojú ẹ dára ju tèmi lọ. Láti ilé ọ̀gá ni mo ti mọ̀. Ọ̀gá náà mọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi kó tó kú, ó ní kí n máa jẹ́ kí o mọ̀. Mi ò jẹ́ kí o mọ̀."

Láti ìgbà tó ti ń gbé fíìmù láti àwo kan bọ́ sí òmíràn nínú òkùnkùn ni obìnrin náà ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó máa ń fojú inú wò ó, ibi tó máa ti gbọ́ ọ, bó ṣe máa ṣe bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan, bó ṣe máa sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ó ti wá dé báyìí. Wọ́n gbé e fún un bí ìgbà tí wọ́n bá gbé bàtà olóògbé fún ẹni tó ti ń tọrọ bàtà. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Kò ṣe é wọ̀.

"Nítorí náà lẹ ṣe fọ́ mi lójú."

"Ẹ má bínú," Fíláàṣì sọ.

*Ẹ.* Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwọ nínú òkùnkùn, ìwọ nínú oòrùn, ìwọ nígbà tí wọ́n sin ọ̀gá tí wọ́n jọ sunkún. Ẹ ni èèyàn ń pe oníbàárà. Ẹ ni èèyàn ń pe àlejò tí kò mọ̀. Nínú gbogbo ohun tó gbọ́ láàárọ̀ náà, èyí ló dùn ún jù.

Ó gbé kámẹ́rà náà padà sórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Ohun èlò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé bọ́ọ̀sì ń dúró de òun. Màmá Fọ́tò ní kó wọlé. Ó fi hàn án ibi tó máa jókòó. Ó ní kó gbé àgbọ̀n sókè. Nígbà tó dé orí gbólóhùn tó kù, ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó yà á bẹ́ẹ̀, fọ́tò náà kò sì wúlò fún nǹkan kan. Ó ní láti tún un yà.

Wọ́n mú Fíláàṣì ní pápá. Fọ́tò rẹ̀ dára. Obìnrin náà rí i nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà pápá nígbà tó ń kọjá lọ wọ ọkọ̀. Ọmọ kan nínú afẹ́fẹ́, ẹnu rẹ̀ là, iyanrìn kọ̀ọ̀kan hàn lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ wá ibi tó ti gbọ̀n. Kò rí i.

Ìyá Onílẹ́nsì ránṣẹ́ pé kó dá Rọ̀bọ̀tọ̀ padà bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, Fíláàṣì sọ fún òun pé Àbúrò ti fọwọ́ sí i kí òun mú tẹ́ẹ́rẹ́. Obìnrin náà ní kò burú. Kò dá a padà.

Ògiri pákó ti wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ di méjì, àwọn oníbàárà sì máa ń bèèrè èwo ni ti ta.